Hilux dísẹ̀lì tí kò fà mọ́ tó bá ti ru pákó: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde

Ọkọ̀: Toyota Hilux, ẹ́ńjìnì 2KD-FTV, sìlíńdà 4, 2,494 cc, dísẹ̀lì oní-réèlì (páìpù tó ń kó epo tó ní ipá ńlá jọ kó tó wọ sìlíńdà), tọ́bò tó ń ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnì àti intercooler tó ń mú atẹ́gùn náà tutù, gíà ọlọ́wọ́. Pákó ló ń kó láti àwọn sọ́míìlì Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Ṣágámù. Bó bá ń padà bọ̀, òfìfo ni.

Ẹ̀sùn: lófìfo, kò sí wàhálà. Bó bá ti ru ẹrù, tó wà ní gíà kẹta tàbí ìkẹrin, tí awakọ̀ wá tẹná, á kọ́kọ́ já lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta bí ọkọ̀ tí epo fẹ́ tán nínú rẹ̀ nígbà tó bá ń sún mọ́ 2,800 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Lẹ́yìn náà iná ẹ́ńjìnì aláwọ̀ ọsàn á tàn, agbára á sì bọ́. Àtìgbà náà lọ, bó ti wù kí wọ́n tẹ ẹ́ tó, kò ní kọjá nǹkan bíi 60 km/h mọ́. Ẹ pa á, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún un ṣí, á máa lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é, títí di òkè tó kàn. Awakọ̀ tún mẹ́nu ba iná kékeré kan tó dà bíi fílítà, tó máa ń ṣẹ́jú láàárọ̀. "Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, ọ̀gá, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ti sọ fún olówó ọkọ̀ níbòmíì pé pọ́ǹpù ló kú, kó lọ ra tòkúnbọ̀ ní ọjà Ládìípọ̀ l'Ékòó. Kò tíì rà á. Ohun tó fi jàre nìyẹn, nítorí kò sẹ́ni tó wọn nǹkan kan kí wọ́n tó dájọ́ ikú fún pọ́ǹpù náà.

Ohun tí iná kọ̀ọ̀kan ń sọ

Iná pupa kì í ṣe ẹgbẹ́ iná aláwọ̀ ọsàn. Pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì: ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ lójú márosẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló wà láàárín iná yẹn àti crankshaft (ọ̀pá ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì) tó ti jẹ ara rẹ̀. Pupa tó ní bátìrì: alternator kò fún un níná mọ́, ẹ ṣì lè rọra wakọ̀ dé ibi tó láàbò. Ọsàn tó ní àwòrán ẹ́ńjìnì: kọ̀ǹpútà ti rí ìwọ̀n kan tó kọjá ààlà, ó ti kọ kóòdù pa mọ́, ó sì lè ti dín agbára kù láti fi dáàbò bo ẹ́ńjìnì. Wáyà tó lọ́ bí síríìngì ni ti plọ́ọ̀gì ìmúgbóná. Lọ́dọ̀ wa níbí tí òtútù kì í mú, ó ṣọ̀wọ́n kí plọ́ọ̀gì yẹn wà nídìí ọkọ̀ tí kò fà. Èyí tó dà bíi fílítà ni ti epo: lórí Hilux yìí, bó bá ń ṣẹ́jú, omi ti kún ìsàlẹ̀ fílítà, bó bá tàn gbirin, fílítà ti dí.

Iná ẹ́ńjìnì kì í dárúkọ páátì tó bàjẹ́. Ìgbà tí ìwọ̀n bá sì kọjá ààlà tí wọ́n ti kọ sínú kọ̀ǹpútà nìkan ló ń tàn. Ọkọ̀ lè pàdánù ìdá mẹ́ta agbára rẹ̀ láìjẹ́ pé iná kankan tàn rárá. Lórí ọkọ̀ yìí, àìsàn méjì ló wà níbẹ̀, kóòdù sì mọ ọ̀kan ṣoṣo.

Kíka kóòdù

Bátìrì la kọ́kọ́ wọ̀n: 12.5 V ní pípa, 14.1 V nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fo èyí. Kọ̀ǹpútà tí iná rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ á máa kọ kóòdù irọ́ mọ́ sẹ́ńsọ̀ tí kò ṣẹ̀. Bí ti yín kò bá dé 13.5 V nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ yanjú alternator, bẹ́líìtì rẹ̀ àti wáyà áàtì tó so ẹ́ńjìnì mọ́ ṣáásí. A wo ọ́ìlì náà. Kò lé kọjá àmì òkè, kò sì rùn bíi dísẹ̀lì. Ọ́ìlì tó bá ń pọ̀ sí i fúnra rẹ̀ ń sọ pé dísẹ̀lì ń jò wọnú rẹ̀ láti ara nọ́sù (ẹnu tó ń fọ́n epo sínú sìlíńdà) tàbí láti ara pọ́ǹpù.

Ibi ìsopọ̀ ẹ̀rọ síkáànù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù, wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lọ́wọ́ orúnkún awakọ̀, ó ní ihò 16. Iná bátìrì gbọ́dọ̀ wà ní ihò 16, áàtì sì wà ní 4 àti 5. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò tàn, fíúùsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Síkáànù kékeré ELM327 oní-Bluetooth pẹ̀lú fóònù tó láti ka kóòdù gbogboogbò, ṣùgbọ́n láti rí ìwọ̀n nọ́sù àti ìwọ̀n réèlì tí kọ̀ǹpútà ń fẹ́, ẹ nílò ẹ̀rọ tó gbọ́ èdè Toyota.

Ẹni tí kò ní síkáànù rárá lè so ihò 13 pọ̀ mọ́ 4 pẹ̀lú wáyà kékeré, kó ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtaná sí ẹ́ńjìnì, kó wá máa ka bí iná ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣẹ́jú. Bó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀méje, tó sinmi díẹ̀, tó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́jọ: 78 nìyẹn, ọ̀nà pọ́ǹpù epo ló ń tọ́ka sí. 49 ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ipá inú réèlì. Ẹ ka ihò náà dáadáa o. Wáyà tó bá ṣì wọ 16 tó sì kan 4 á jó fíúùsì.

Tiwa mú P0087 jáde, ìyẹn ni pé ipá epo inú réèlì lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwòrán ìgbà tí iná tàn, tí kọ̀ǹpútà tọ́jú pẹ̀lú rẹ̀, fi 2,860 RPM, 71 km/h àti ooru ẹ́ńjìnì 89°C hàn. Àwòrán yìí wúlò ju kóòdù gan-an lọ, nítorí ó sọ ibi tí a ti máa dán ọkọ̀ wò. Àwọn awakọ̀ kan máa ń yọ orí bátìrì kí iná lè kú kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ wá. Gbogbo ẹ̀rí ni wọ́n ń nù kúrò bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ kóòdù àti àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pa á rẹ́.

P0087 kò sọ pé pọ́ǹpù kú. Ohun tó lè fà á pọ̀: asẹ́ inú táǹkì tó dí, fílítà, omi, họ́ọ̀sì tó ń fa atẹ́gùn, fáàfù tó ń darí bí epo ṣe ń wọ pọ́ǹpù (SCV), pọ́ǹpù fúnra rẹ̀, nọ́sù tó ń da epo padà jù, fáàfù ìdẹ̀kun lórí réèlì, tàbí sẹ́ńsọ̀ tó ń parọ́. Pọ́ǹpù àti nọ́sù ló wọ́n jù nínú wọn. Àwọn ohun tó wà kí epo tó dé pọ́ǹpù, owó wọn kò tó nǹkan, àwọn ló sì máa ń bàjẹ́ jù lágbègbè tí wọ́n ti ń ra dísẹ̀lì nínú kẹ́ẹ̀gì.

Ìwọ̀n lábẹ́ ẹrù

Lójúkan, ipá réèlì wà ní nǹkan bí 30 MPa (MPa ni a fi ń wọn ipá), ohun tí kọ̀ǹpútà ń béèrè náà ló ń rí. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ á sọ pé kò sí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ lófìfo kọ́ ni ẹ̀sùn wà. A ní kí pákó wà lórí rẹ̀, a gbé e lọ sí márosẹ̀, láti Ìjẹ̀bú-Òde síhà Odògbolú. Ẹnì kan ń wakọ̀, ẹlòmíràn ń wo ẹ̀rọ. Kí ẹni tó ń wakọ̀ má ṣe bojú wo fóònù rárá. Gíà kẹta, láti 1,500 RPM, ó tẹná mọ́lẹ̀ pátápátá.

Títí dé 2,200 RPM, ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà ń fẹ́ àti èyí tó wà nínú réèlì ń tọ ara wọn lẹ́yìn. Lẹ́yìn 2,500, kọ̀ǹpútà ń fẹ́ nǹkan bí 120 MPa, réèlì kò kúrò ní 95. Ó tún lọ sílẹ̀ sí 70, ọkọ̀ já, iná tàn. Pọ́ǹpù tó ti jẹ tàbí nọ́sù tó ń jò sábà máa ń fi ara hàn níbi gbogbo, pàápàá nígbà tí a bá ń taná sí ọkọ̀ tó ti gbóná. Èyí tó ń dára nísàlẹ̀ tó wá ń kùnà nígbà tí ẹ́ńjìnì bá béèrè epo púpọ̀, ebi ló ń pa pọ́ǹpù. Ibi tí èrò wa lọ nìyẹn, ṣùgbọ́n èrò kì í ṣe ẹ̀rí.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó kọ́ṣẹ́ lórí dísẹ̀lì àtijọ́. Àṣà ká tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, láti mọ sìlíńdà tó ti kú, kò sí fún ẹ́ńjìnì oní-réèlì. 120 MPa jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 500 atẹ́gùn tí fọ́kànáísà ń fi sínú táyà. Epo tó bá ta jáde lójú ihò tín-ń-tín á wọ inú ẹran ara láìfi ẹ̀jẹ̀ hàn, ọwọ́ tó bá sì gbà á, ilé ìwòsàn ni kó lọ lọ́jọ́ náà, kódà bí kò bá dùn ún. Ẹ má fi ìka wá ibi tó ń jò, páálí ni kí ẹ fi wá a. Lẹ́yìn tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnì, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ipá inú réèlì lọ sílẹ̀ kí ẹ tó fi sípánà kan nọ́ọ̀tì kankan. Ẹ má sì fi tẹ́sítà oníná gún wáyà nọ́sù, nítorí àpótí tó ń fún nọ́sù níná ń gbé e ga ju 12 V lọ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ìdánwò kẹ́ẹ̀gì

Ohun tí ẹ máa lò: kẹ́ẹ̀gì lítà 10 tó mọ́ tónítóní, dísẹ̀lì lítà 8 tí a ti dá ojú rẹ̀ mọ̀, rọ́bà tó ṣeé rí inú rẹ̀ tí dísẹ̀lì kò lè rà, nǹkan bíi mítà méjì, fílítà kékeré ẹnu ọ̀nà, àti kílíìpù mẹ́rin.

A yọ họ́ọ̀sì tó ń wọ pọ́ǹpù kúrò lára fílítà, a so rọ́bà tó mọ́ yìí mọ́ pọ́ǹpù, a ti ìdí rẹ̀ bọ kẹ́ẹ̀gì, fílítà kékeré sì wà láàárín wọn. Họ́ọ̀sì ìpadà epo náà, inú kẹ́ẹ̀gì kan náà ni kó máa da sí. Bí ẹ bá jẹ́ kó máa padà sí táǹkì, kẹ́ẹ̀gì á gbẹ láìpẹ́, pọ́ǹpù á fa atẹ́gùn, ẹ ó sì wá dá ẹ̀bi fún ohun tí kò ṣẹ̀. Epo tó ń padà máa ń gbóná, nítorí náà ẹ má fi kẹ́ẹ̀gì oní-rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe é. Ibi tí kò sún mọ́ tọ́bò àti salẹ́ńsà ni kí ẹ dè é mọ́. Dídì ni kí ẹ dè é o, kì í ṣe pé kí ẹnì kan gbá a mú.

Ẹ fi ọwọ́ fa epo dé pọ́ǹpù kí ẹ tó ta á. Ẹ má jẹ́ kí kíìkì yí ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi láàárín. Dísẹ̀lì ni ọ́ìlì pọ́ǹpù yìí, gbogbo ìgbà tó bá ń yí lófìfo, ó ń jẹ ara rẹ̀.

Ojú ọ̀nà kan náà, ẹrù kan náà, gíà kẹta. 120 MPa tí kọ̀ǹpútà fẹ́, réèlì fún un ní 118 sí 121 títí dé 3,400 RPM. Kò já, iná kò tàn. Pọ́ǹpù jàre, SCV jàre, nọ́sù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre. Ohun tó ń ṣe é wà láàárín ẹnu táǹkì àti ẹnu pọ́ǹpù. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ sọ pé kò tíì fà tó bó ṣe yẹ, èéfín dúdú sì ń jáde lẹ́yìn. A fi ìyẹn sílẹ̀ dẹ̀yìn.

Ohun tó wà nínú fílítà, họ́ọ̀sì àti táǹkì

A tú ìdí fílítà sínú ìgò tó mọ́. Omi tó jáde kí dísẹ̀lì tó tẹ̀ lé e ju ìdajì ìgò 50 cl lọ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí tíì tí kò ní mílíìkì, ìdọ̀tí dúdú tó ń yọ̀ sì léfòó sí àárín omi àti epo. Omi máa ń wà nísàlẹ̀ nítorí dísẹ̀lì fúyẹ́ jù ú lọ. Ohun dúdú tó ń yọ̀ yẹn, kòkòrò àìfojúrí ló ń hù ú níbi tí omi àti dísẹ̀lì ti pàdé. Nílùú tó lọ́rinrin bíi tiwa, táǹkì tí wọ́n ń fi sílẹ̀ lálaalẹ́ pẹ̀lú epo díẹ̀ nísàlẹ̀ ni ilé rẹ̀: atẹ́gùn tó kún òkè táǹkì á tutù lóru, á di ìrì, á sì kán sínú epo. Ìdí nìyí tí iná fílítà fi ń ṣẹ́jú láàárọ̀ ju ọ̀sán lọ: omi ti sọ̀kalẹ̀ jókòó ní gbogbo òru.

Ẹ fẹ́ dá epo mọ̀ kí ẹ tó rà á? Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò, ẹ gbé e kalẹ̀ ní ìdajì wákàtí, kí ẹ wá gbé e sókè kọjú sóòrùn. Ó gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, kò gbọdọ̀ ṣú, kí ìlà kankan má sí nísàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti da kẹrosíìnì sí kò ní fara hàn báyìí, ó sì burú fún pọ́ǹpù, torí kẹrosíìnì kò yọ̀ tó láti máa fi pa ara irin inú rẹ̀. Ẹ má sì gba dísẹ̀lì tí wọ́n tú nísàlẹ̀ táǹkì jẹnẹrétọ̀, bó ti wù kó pọ́n tó. Ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni omi wà.

Fílítà: a pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá tún rọ́bà àtijọ́ lò, atẹ́gùn ni yóò máa wọlé, kì í ṣe epo ni yóò máa jò, ẹ kò sì ní rí i lójú. Ẹ má da epo láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ihò àárín fílítà tuntun kó lè tètè kún. Ihò àárín ni ọ̀nà epo tí a ti sẹ́, gbogbo ìdọ̀tí inú kẹ́ẹ̀gì á gba ibẹ̀ lọ tààrà sí pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù ọwọ́ tó wà lórí fílítà ló wà fún un: ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi le lábẹ́ àtàǹpàkò.

A ti rò pé fílítà ló parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n a fi rọ́bà tó mọ́ yẹn sáàárín fílítà tuntun àti pọ́ǹpù, a sì gbé RPM lọ sí 3,000 lójúkan. Ìfófòó atẹ́gùn kéékèèké ń kọjá lọ bí ìlẹ̀kẹ̀. Atẹ́gùn ṣì ń wọlé. Họ́ọ̀sì rọ́bà kan tó wà láàárín páìpù irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀ àti fílítà ti gbẹ, ó ti sán wẹ́wẹ́ níbi tí kílíìpù ti fún un. Kò jo ẹyọ epo kan sílẹ̀, nítorí fífà ni pọ́ǹpù ń fà níbẹ̀. Ìdí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fi ń wò ó kọjá nìyẹn: gbígbẹ ló máa ń wà. A gé họ́ọ̀sì epo tuntun sí i, èyí tí wọ́n kọ dísẹ̀lì sí lára. Họ́ọ̀sì omi ráídétọ̀ kì í pẹ́ kó tó wú níbẹ̀.

Táǹkì Hilux yìí ń gbà ju lítà 70 lọ. A tú u sílẹ̀, a fi dísẹ̀lì díẹ̀ ṣan inú rẹ̀ títí ohun tó ń jáde fi mọ́. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Asẹ́ tó wà lẹ́nu páìpù ìfàmu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá pẹ̀lú ohun dúdú yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe tò: asẹ́ dí, pọ́ǹpù ń fà kíkankíkan, ìfà yẹn wá ń fa atẹ́gùn wọlé lójú họ́ọ̀sì tó sán. Ẹni tó bá pààrọ̀ ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ á dára fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á sì padà wá.

SCV ńkọ́? A wọ̀n ọ́n nítorí àwọn tó ń ka kóòdù lójú lásán ló sábà máa ń sáré pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu wáyà mítà méjèèjì kan ara wọn, ẹ yọ iye tó bá fi hàn kúrò. 1.9 sí 2.3 ohm ló yẹ kó jẹ́ ní 20°C, nínú ooru tiwa ó lè fi díẹ̀ lé. Tiwa jẹ́ 2.2. Ìwọ̀n yìí ń sọ pé wáyà inú rẹ̀ kò já, kò sọ pé kò há. Bó bá ń há, ẹ́ńjìnì lójúkan á máa lọ sókè-sódò bí ẹni pé ẹnì kan ń fẹsẹ̀ tẹná díẹ̀díẹ̀. Tiwa dúró jẹ́ẹ́, a fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá ní láti pààrọ̀ ti yín, ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé ti tuntun, ẹ nu gbogbo àyíká rẹ̀ kí ẹ tó tú bóòtù rẹ̀ méjèèjì, ẹ sì fi ẹ̀rọ síkáànù jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ́ pọ́ǹpù náà lọ́tun. Bí ẹ kò bá ṣe ìkẹyìn yìí, ẹ́ńjìnì lè máa hùwà bí ẹni pé SCV tuntun náà ti bàjẹ́.

Èéfín dúdú, láìsí kóòdù

Èéfín dúdú lábẹ́ ẹrù ń sọ pé epo pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Níwọ̀n ìgbà tí réèlì ti dára, atẹ́gùn la ní láti lé báyìí. Fílítà atẹ́gùn kún fún ìyẹ̀fun pákó. Ohun tí à ń retí nìyẹn lára ọkọ̀ tó ń ti sọ́míìlì bọ̀, a pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ láti ìta wọ inú, ńṣe ni ẹ ń gún eruku wọ inú bébà.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ipá atẹ́gùn nínú manifold (páìpù tó ń pín atẹ́gùn fún àwọn sìlíńdà) gbọ́dọ̀ ka nǹkan bí 100 kPa, ìyẹn ipá atẹ́gùn tó yí wa ká, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ṣíṣí tí ẹ́ńjìnì kò ṣiṣẹ́, nítorí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kò ga púpọ̀ ju òkun lọ. Tiwa ka 100. Sẹ́ńsọ̀ kò parọ́ nígbà náà. Lábẹ́ ẹrù, nígbà tó yẹ kó kọjá 200, 150 ni kò kọjá. Tọ́bò kò fún un ní atẹ́gùn tó, tàbí ó fún un tó ń jò lọ́nà. Kọ̀ǹpútà kò sì kọ kóòdù kankan nípa rẹ̀.

Kí ẹ tó tú tọ́bò, ẹ wo ọ̀pá tó ń darí rẹ̀. Lórí èyí tí fakúùmù (ìfàmu atẹ́gùn) ń darí, ọ̀pá yẹn gbọ́dọ̀ fà nígbà tí ẹ bá ta ẹ́ńjìnì, kó sì padà nígbà tí ẹ bá pa á. Ó ń fà, ó ń padà, họ́ọ̀sì fakúùmù rẹ̀ kò sì sán. A fọwọ́ mi abẹ́bẹ̀ tọ́bò: ó ń mì díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò kan ara ilé rẹ̀, kò wọlé-jáde. Tọ́bò jàre.

Ìdánwò atẹ́gùn tó kù kò gba owó. Ẹ gba ìdérí páìpù PVC tó bá ẹnu họ́ọ̀sì tọ́bò mu, ẹ lu ihò sí i, ẹ fi fáàfù táyà tí kò ní túùbù sí i lọ́dọ̀ fọ́kànáísà, kí ẹ fi kílíìpù dè é mọ́ họ́ọ̀sì ìwọlé tọ́bò. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i dé 10 psi, ẹ má kọjá 15, nítorí rọ́bà ìdí crankshaft lè jáde. Ẹ wá fi omi ọṣẹ wọ́n gbogbo ìsopọ̀. Ní abẹ́ họ́ọ̀sì tó ti intercooler bọ̀, níbi tó ti ń ha ara irin kan, ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Lójúkan, ẹnu ibi tó ya yẹn máa ń pa dé, ìka kò lè mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí ipá bá dé inú rẹ̀ nìkan ló ń ṣí. Àmì tó yẹ kó ta ẹni lólobó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: ọ́ìlì díẹ̀ tí eruku ti lẹ̀ mọ́, ní ibi kan ṣoṣo lára họ́ọ̀sì tó gbẹ.

A pààrọ̀ họ́ọ̀sì, a yí irin tó ń ha á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sì fi kílíìpù oníbóòtù dè é dípò èyí tó ní síríìngì. Tépù àti gọ́ọ̀mù kì í dúró níbẹ̀ o, ọ́ìlì àti ooru á tú wọn.

Àtúnwọ̀n lábẹ́ ẹrù, lójú ọ̀nà kan náà: réèlì 119 níbi tí kọ̀ǹpútà ti fẹ́ 120, atẹ́gùn 215 kPa, èéfín kò hàn nínú dígí. Ọkọ̀ wọ gíà kẹrin lójú òkè tó ti ń padà sí gíà kejì tẹ́lẹ̀.

Ohun tí a yẹ̀ wò kí ọkọ̀ tó lọ

Omi ti gba inú pọ́ǹpù àti nọ́sù yìí kọjá fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà a ka ìwọ̀n àtúnṣe nọ́sù kọ̀ọ̀kan lójúkan nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná. Láàárín -3 sí +3 mm³ ló yẹ kí wọ́n wà. Tiwa: 0.6, -1.1, 2.4, -0.9. Ìkẹta ti ń sún mọ́ etí, a kọ ọ́ sílẹ̀ fún olówó ọkọ̀, a kò tú u. Bí ẹ bá pààrọ̀ nọ́sù lórí ẹ́ńjìnì yìí, kóòdù gígùn tí wọ́n kọ sí orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ kọ̀ǹpútà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa kan gbà-gbà, á sì máa yọ èéfín.

2KD àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ 1KD tún ní àìsàn kan tí kì í tan iná títí ọwọ́ á fi bọ́: wáṣà bàbà tó wà nísàlẹ̀ nọ́sù. Bó bá jẹ́, èéfín iná á máa gba ibẹ̀ gòkè wá sábẹ́ ìdérí fáàfù, á sọ ọ́ìlì di ọ̀dà dúdú, ọ̀dà yẹn á sì lọ dí asẹ́ ọ́ìlì tó wà nínú àwo ìsàlẹ̀. Ọjọ́ tí iná pupa bá tàn, ẹ́ńjìnì ti ń jìyà tipẹ́. A ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí nígbà tó ń ṣiṣẹ́: atẹ́gùn díẹ̀, kò ta jáde pùpù, kò sí ọ̀dà líle lábẹ́ ìdérí. Ó ṣì dára. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń ta pùpù, kó yọ nọ́sù, kó pààrọ̀ wáṣà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó fọ ojú ìjókòó wọn, kó sì tú àwo ọ́ìlì wò kó tó da nǹkan bíi lítà 7 ọ́ìlì tuntun sí i. Ọ́ìlì tuntun lórí asẹ́ tó dí kò yàtọ̀ sí àìní ọ́ìlì.

A pa kóòdù rẹ́, a sì tún gbé ọkọ̀ lọ sábẹ́ ẹrù kí a tó kà á lẹ́ẹ̀kejì: kò sí èyí tó padà. Àpapọ̀ ohun tí a rà ni fílítà epo, fílítà atẹ́gùn, họ́ọ̀sì epo kan, họ́ọ̀sì intercooler kan, kílíìpù àti dísẹ̀lì tí a fi ṣan táǹkì. Awakọ̀ gba ìgò kékeré kan. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tó taná, kó tú ìdí fílítà sí i títí dísẹ̀lì tó mọ́ á fi jáde, kó sì tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ padà kó le. Ní alẹ́, kó má jẹ́ kí epo lọ sísàlẹ̀ ìdajì táǹkì.